Ahunṣọ Tó Ń Dá Gun Òkè

Agbóọlá, olórí àwọn ahunṣọ ìlú Ìdó-Amọ̀, yọ̀ ṣubú lórí àpáta létí odò níbi tó ti ń fọ òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró, orúnkún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Orí pákó ni wọ́n gbé e lé wá sílé. Ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni nígbà náà.

Bàbá Ọdẹ́yalé, ẹni tó ń to eegun ní ìlú náà, fa orúnkún ọ̀hún bọ̀ sípò, ó fi igi dì í, ó sì ní kí Agbóọlá wà lórí ẹní títí oṣù méjì yóò fi pé. Nígbà tí oṣù méjì pé, ó tú igi náà. Eegun ti jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti gan, ó sì ti rù. Bí Agbóọlá bá jókòó sídìí òfì, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló ń rí ìtẹsẹ̀ tẹ̀. Ti ọ̀tún kàn nà gbọnrangandan síwájú rẹ̀ bí ọmọ odó.

Ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkùnrin kan fi di ọ̀rọ̀ odindi agboolé. Ẹsẹ̀ Òkè Gẹ́lẹ́tẹ́ ni Ìdó-Amọ̀ wà. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n fi ń mọ ìlú náà: àwọn ọkùnrin ń hun aṣọ, àwọn obìnrin ń mọ ìkòkò. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ Ìtẹ́ṣọ. Lọ́jọ́ náà, olórí ahunṣọ á gbé aṣọ àkọ́hun ọdún lé èjìká, á gun òkè láti ẹnu ọ̀nà ààfin títí dé orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lókè téńté, á sì tẹ́ aṣọ náà síbẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Ìgbà yẹn ni ọjà aṣọ tó ṣí. Òfin rẹ̀ kò gùn. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi gùn ún. Kò ní gun ẹṣin, kò ní tẹ ọ̀pá, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kàn án. Ó gbọ́dọ̀ dé òkè kí oòrùn tó kan àtàrí. Olórí ahunṣọ tí kò bá lè gùn ún, oyè ti kúrò ní agboolé rẹ̀ nìyẹn, ó di ti agboolé tó tẹ̀ lé e. Ìran márùn-ún ni oyè náà ti wà ní agboolé Agbóọlá.

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Ọdẹ́yalé tú igi tán, ohun àkọ́kọ́ tí Agbóọlá bi í ni pé, "Bàbá, ṣé máa lè gun òkè lọ́jọ́ Ìtẹ́ṣọ?"

"Eegun ti ṣe tirẹ̀," ni bàbá náà wí. "Ẹran ara ló kù. Ẹran ara kì í sì í gbọ́ ti àgúnmu, ti ìrìn ló ń gbọ́."

"Ìrìn báwo?"

"Òkè ni. Lójoojúmọ́."

Ó na ọwọ́ sí igbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ka òkúta wẹ́wẹ́ ọgọ́rùn-ún sínú rẹ̀, ó sì gbé e lé Agbóọlá lọ́wọ́. "Mú ẹyọ kan lójúmọ́, gbé e dé orí àpáta pẹrẹsẹ, jù ú síbẹ̀, kí o máa bọ̀. Ọjọ́ tí igbá yìí bá ṣófo, wá pè mí ká jọ jó."

"Bí mi ò bá lè dé òkè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Ta ló ní kí o dé e lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Dé ibi tí o bá lè dé, kí o gbé òkúta rẹ padà wálé. Ọ̀la á tún mọ́."

Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ohun tí Bàbá Ọdẹ́yalé kò rò ni irú ẹni tó ń gbà nímọ̀ràn. Ní ìgbà èwe rẹ̀, bí Agbóọlá bá ń rìn bọ̀ lójú títì, àwọn èèyàn á dúró wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó gún, ijó sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn ún nínú ọ̀rọ̀ orúnkún yìí tó kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà náà rí i bó ṣe ń tiro. Fẹhíntọlá ìyàwó rẹ̀ ní kí àbúrò Agbóọlá máa bá a lọ.

"Kí ó lè máa wo ìdí mi bí mo ṣe ń yí gbirigbiri lọ?" ni Agbóọlá dáhùn. "Máa dá a rìn."

Àárọ̀ kùtù ni àwọn amọ̀kòkò máa ń gun òkè, nítorí ẹ̀yìn òkè náà ni kòtò amọ̀ wọn wà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé á kún ẹsẹ̀ òkè, wọn á máa ṣeré. Ọ̀sán gangan nìkan ni kì í sí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ọ̀sán ni Agbóọlá yàn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dé ìdí igi àpá tó wà láàárín méjì òkè náà. Oòrùn ń jó o lẹ́yìn ọrùn, orúnkún rẹ̀ ń ta bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, kò sì sí ohun tó ń gbọ́ ju èémí ara rẹ̀ lọ. Ó jókòó. Ó wo òkè tó kù, ó wo òkúta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ro ojú tí Fẹhíntọlá yóò fi wò ó bó bá gbé òkúta náà padà wọlé. Ó fi í sí ìdí igi àpá. "Lọ́la," ló wí, "máa gbé méjèèjì gòkè papọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, òkúta di méjì níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó di mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin òjò ṣú, kò sì lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ karùn-ún, ó mú òkúta méjì dání kí ìṣirò má bàa yẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọjọ́ kan wà tí kò kọjá abẹ́ igi kan nísàlẹ̀ òkè, á sùn síbẹ̀ títí ara á fi tutù, á sì padà sílé. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó ń hun aṣọ láti àárọ̀ dé alẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dá rìn, òun ni ẹlẹ́jọ́, òun náà ni adájọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ dá, ó sì máa ń jàre.

Nílé, inú Fẹhíntọlá ń dùn. Àràárọ̀ ló ń yọjú sínú igbá, ó sì ń rí i pé òkúta ń dínkù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹran sí ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí Agbóọlá bá ń jẹ ẹ́, kì í wo ojú rẹ̀.

Àwọn amọ̀kòkò kò pẹ́ rí òkúta náà. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, Ìyá Dúrójayé ni olórí wọn, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ṣì ń gbé apẹ̀rẹ̀ amọ̀ lérí. Láràárọ̀ tí wọ́n bá kọjá lábẹ́ igi àpá, wọ́n á rí i pé òkúta ti lé kan tàbí méjì. Òjò sì ti fọ ojú ẹsẹ̀ dànù.

"Ta ló ń kó òkúta síbí?" ni Mopélọ́lá bèèrè. Òun ló kéré jù nínú wọn, ẹnu rẹ̀ ló sì mú jù.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ìkòkò rẹ̀ ti ń fọ́ nínú iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mú òkúta kan nílẹ̀, ó fi kún ti ibẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ẹni ń ṣàwàdà, ó ní, "Ẹni tó ń kó òkúta, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìkòkò fífọ́." Lọ́sẹ̀ náà, ẹyọ kan kò fọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò kọjá níbẹ̀ mọ́ láìfi òkúta kún un. Ẹnìkan gbé iyọ̀ wá, ẹnìkan gbé òrí wá. Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ara igi. Kí oṣù tó parí, Ìdó-Amọ̀ ti ní òrìṣà tuntun, Òòṣà Abẹ́-Àpá ni wọ́n sì ń pè é.

Nígbà tí Agbóọlá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kà á lọ́kàn rẹ̀ pé òkúta mọ́kànlélógójì lòun ti fi síbẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ lé ní ọgọ́fà. Ẹ̀rù bà á. Ó rò pé òkè náà ló ń bí irọ́ òun lọ́mọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí aṣọ funfun, ó rí òrí, ó sì rí àkàrà mẹ́rin nínú ewé lórí òkúta. Ọ̀rọ̀ náà wá yé e díẹ̀díẹ̀. Ì bá padà sílé lójú ẹsẹ̀ lọ sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ebi ń pa á, oòrùn sì ti jẹ́ kí àkàrà náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ìròyìn gba ìlú kan pé Òòṣà Abẹ́-Àpá kì í ṣe òòṣà lásán, ó ń jẹun.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Fẹhíntọlá wọlé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú erùpẹ̀ lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Agbóọlá bi í pé níbo ló ti ń bọ̀.

"Mo lọ sábẹ́ igi àpá," ló wí. Ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. "Bàbá Wándé, ẹ má bínú sí mi. Mò ń wo igbá yẹn lójoojúmọ́. Mo rí i pé ẹ̀ ń gbìyànjú. Òkúta ń tán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín kò kúrò níbi tó wà. Mo ní bóyá ẹnìkan ló ń dì yín lọ́wọ́. Mo dín àkàrà ogún, mo gbé e lọ bá òòṣà náà, mo kúnlẹ̀, mo ní kó gba àkàrà, kó fún mi ní orúnkún ọkọ mi."

Agbóọlá kò lè gbé ojú sókè. Ìgbà tó yá ló sọ pé, "Fẹhíntọlá, kò sí òòṣà níbẹ̀."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo kó òkúta náà síbẹ̀."

Obìnrin náà dìde, ó gbé igbá, ó wo ohun tó kù nínú rẹ̀. "Mélòó lẹ gbé dé òkè?"

"Kò sí."

"Ọ̀kan péré ńkọ́?"

"Kò sí, Fẹhíntọlá. Mi ò kọjá igi àpá rí."

Fẹhíntọlá gbé igbá náà sílẹ̀. "Ta ló wá ń jẹ àkàrà?"

"Èmi ni."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Fẹhíntọlá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, nígbà tó sì pẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni ẹ̀rín, èwo ni ẹkún. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ó ku ogójì ọjọ́ ó lé mẹ́ta sí Ìtẹ́ṣọ. Lọ́la, ẹ ó lọ sọ fún àwọn obìnrin yẹn. Ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún ẹsẹ̀ yín láìmọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí pé nígbà tí àwọn amọ̀kòkò dé abẹ́ igi àpá ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá olórí ahunṣọ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì òkúta, tó ti jí lọ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó kí wọn, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi àkàrà pamọ́.

Mopélọ́lá gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. "Kábíyèsí, Òòṣà Ajẹ̀kàrà! Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà kò rí ọmọ gbé pọ̀n láti èṣín!"

"Àṣé ìdí nìyẹn tí òòṣà kì í fi í jẹ iyọ̀," ni òmíràn wí. "Iyọ̀ nìkan kò ṣeé jẹ!"

"Èmi tí mo fi òrí gidi fún un ńkọ́? Ẹ dá òrí mi padà!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Agbóọlá tẹ orí ba. Ó ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ẹ̀rín ni kò múra sílẹ̀ fún. Nígbà tó dìde láti máa lọ, Ìyá Dúrójayé fi ọwọ́ dá a dúró.

"Agbóọlá, jókòó. Wo ibí." Arúgbó náà ká ìró sókè díẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì hàn, ó wú róbótó bí ìdí ìṣà. "Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí eléyìí ti ń dùn mí. Ṣé o rò pé ó máa ń wù mí láti gun òkè yìí ni? Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ ni mo máa ń jí tí ara á ní kí n sùn, èmi náà á sì ní ó dáa, kí n sùn. Ìgbà yẹn gan-an ni máa gbọ́ gìgísẹ̀ Mopélọ́lá lẹ́bàá ògiri mi, tí á ní, 'Ìyá, ṣé ẹ ti kú ni?' Kí n tó rántí pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ti dìde láti lọ dá a lóhùn."

"Ẹ kì í dá mi lóhùn," ni Mopélọ́lá wí. "Bíbú lẹ máa ń bú mi."

"Èébú náà ló ń gbé mi dìde."

Agbóọlá ní, "Ìyá, mo gbọ́. Màá tún gbìyànjú. Ó kàn jẹ́ pé mo fẹ́ dá a ṣe ni."

"O ti dá a ṣe." Ìyá Dúrójayé nawọ́ sí òkìtì òkúta. "Ohun tó bí fún ọ nìyí. Láti ọ̀la, wàá máa bá wa lọ."

Bí wọ́n ṣe ń rìn ní àṣà tirẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tò sí, nítorí ọ̀nà náà tóóró. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo jù ló ń ṣíwájú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Bó bá yára, gbogbo wọn á yára. Bó bá dúró mí, gbogbo wọn á dúró. Ìyá Dúrójayé ti wà níwájú fún ọdún mẹ́wàá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sún sẹ́yìn, ó fi Agbóọlá síwájú.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó dé igi àpá, ó sì ní kí wọ́n máa lọ. Kò sẹ́ni tó kọjá rẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ojú tì í, ó gbé ìṣísẹ̀ ogún sí i, wọ́n sì jẹ́ kó padà. Ní ọjọ́ kejì, ó kù díẹ̀ kó má dìde. Ara ní kó sùn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí ẹ̀gbẹ́ padà ni ohùn kan já wọlé láti ẹ̀yìn fèrèsé: "Òòṣà Ajẹ̀kàrà, àwọn olùbọ yín ti dé o!" Gbogbo agboolé rẹ́rìn-ín. Kò sí bó ṣe lè máa sùn.

Bí ó ṣe di pé ó dé òkè nìyẹn, kò sì mọ ìgbà tó débẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni. Àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ burú jù níbi ìsọmọlórúkọ kan, Mopélọ́lá sì sọ pé ti Ìyá Dúrójayé ni, pé ajá tó lá a kò gbó fún ọjọ́ mẹ́ta. Agbóọlá ń yí ọrùn padà láti gbèjà arúgbó náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sórí ibi tó tẹ́jú. Ó wo iwájú. Kò sí òkè mọ́. Ó dúró síbẹ̀. Àwọn obìnrin náà kò pariwo. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," wọ́n sì gba ẹ̀yìn òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ wa amọ̀ wọn.

Báyìí ló ṣe ń lọ títí ọjọ́ Ìtẹ́ṣọ fi ku ọ̀la. Àwọn ọjọ́ kan ẹsẹ̀ kò ní fẹ́ gbọ́, àwọn ọjọ́ kan á gbọ́. Ó ti lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìtẹsẹ̀ òfì. Bàbá Ọdẹ́yalé fọwọ́ tẹ orúnkún náà, ó ní kò tí ì tọ́ tán, ṣùgbọ́n á gbé e dé òkè.

Lọ́jọ́ Ìtẹ́ṣọ, ìlú pé sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Olúdó, ọba Ìdó-Amọ̀, jókòó sábẹ́ òrùlé, àwọn ìjòyè yí i ká, Dáògbọ́n olórí agboolé tí oyè yóò kàn sì wà nínú wọn. Ojú gbogbo wọn ló lè rí òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé orí. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe, olórí ahunṣọ nìkan ló ń gùn ún, àwọn tó kù á dúró nísàlẹ̀. Agbóọlá gbé aṣọ àkọ́hun ọdún náà, aṣọ funfun, lé èjìká, ó dọ̀bálẹ̀ fún Olúdó, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ó lọ dáadáa títí dé igi àpá. Ibẹ̀ ló ti dúró.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rò pé ó ń mí ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kì í tilẹ̀ mọ ìgbà tó ń kọjá igi náà, nítorí ọ̀rọ̀ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Lónìí, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Ó tún ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ara rẹ̀ ti mọ ibẹ̀ ní ibi ìjókòó fún oṣù kan ààbọ̀, ó sì béèrè ìjókòó. Ó jókòó.

Ìkùnsínú gba àárín èrò. Oòrùn ń gòkè. Fẹhíntọlá fi ọwọ́ di ẹnu mú. Àwọn ọmọ agboolé Dáògbọ́n ti ń wo ojú ara wọn.

Ìyá Dúrójayé dìde láàárín àwọn obìnrin, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lérí.

"Ìyá, níbo?" ni ìjòyè kan bèèrè.

"Amọ̀ mi ti tán."

"Lónìí ọjọ́ Ìtẹ́ṣọ?"

"Ṣé òfin wà pé ìkòkò kì í fọ́ lọ́jọ́ Ìtẹ́ṣọ ni? Ọ̀nà iṣẹ́ mi ni mò ń lọ."

Ìjòyè náà wo Olúdó. Olúdó kò wí nǹkan kan. Mopélọ́lá ti dìde, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́rìnlá tò gun òkè, wọ́n dé ẹ̀yìn Agbóọlá lábẹ́ igi àpá, wọ́n sì dúró. Ọ̀nà ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn ì bá yà kọjá. Wọn kò kọjá. Wọn kò fọwọ́ kàn án, wọn kò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró nínú oòrùn pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ wọn lọ.

"Ìyá, ẹ ò wá sọ ohun tí ẹ fi sínú ọbẹ̀ ọjọ́ yẹn."

"Ìyá ọkọ rẹ ni mo fi sí i."

"Abájọ tó fi korò!"

Agbóọlá fi ẹ̀yìn ti igi, kò wo ẹ̀yìn. "Ìyá," ló wí, "oòrùn yìí ti pọ̀ jù fún yín. Ẹ máa lọ."

"Èmi? Ìwọ lo ṣíwájú. A kì í kọjá ẹni tó ṣíwájú."

"Ẹsẹ̀ ò gbọ́, Ìyá."

"Tèmi náà ò gbọ́. A ó dúró dè wọ́n."

Agbóọlá gbọ́ bí orúnkún arúgbó náà ṣe dún kẹ́kẹ́ bó ṣe ń pààrọ̀ ẹsẹ̀ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Àádọ́rin ọdún ó lé, nínú oòrùn, nítorí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó tún aṣọ èjìká rẹ̀ ṣe, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà náà ṣí.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ sọ títí ọjọ́ ogbó wọn pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí: aṣọ funfun níwájú, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìnlá lẹ́yìn, tí wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀ lára òkè, tí ẹ̀rín obìnrin sì ń dún wá sísàlẹ̀. Oòrùn kò tí ì kan àtàrí nígbà tí Agbóọlá tẹ́ aṣọ náà.

Dáògbọ́n dìde nígbà tí wọ́n padà sí ààfin. Ó ní òun kò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n òfin ni òfin, àtayébáyé ni olórí ahunṣọ ti ń dá gun òkè.

Olúdó bi í pé, "Ṣé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án?"

"Rárá o, Kábíyèsí."

"Ṣé ó gun ẹṣin? Ṣé ó tẹ ọ̀pá?"

"Kò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Òfin ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kó fi gùn ún, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ náà ló fi gùn ún. Òfin kò sọ pé kó má rí ẹni bá rìn. Àwa la kàn rò bẹ́ẹ̀." Olúdó wo òkè náà. "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń jókòó síbí lọ́jọ́ Ìtẹ́ṣọ, tí mò ń wo ẹnìkan ṣoṣo lára òkè bí kòkòrò lára ògiri. Àánú rẹ̀ ló máa ń ṣe mí. Tòní ló yẹ òkè náà, ó yẹ aṣọ náà, ó sì yẹ ẹni tó gbé e."

Oyè kò kúrò ní agboolé Agbóọlá. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn amọ̀kòkò ló ń tẹ̀ lé olórí ahunṣọ gòkè lọ́jọ́ Ìtẹ́ṣọ. Ìyá Dúrójayé kú ní ọdún kẹrin, lórí ẹní rẹ̀. Agbóọlá gun òkè náà fún ọdún mẹ́sàn-án mìíràn kó tó fi oyè sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò tọ́ tán títí tó fi kú. Àwọn tó ń wá ra aṣọ ní Ìdó-Amọ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ Olúdó dé ìlú tiwọn, bó sì ṣe ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu ló di ohun tí à ń pa lówe títí dòní, pé ká rìn ká pọ̀, yíyẹ níí yẹni.